Ẹni Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Ogun

Táǹkì T-34-85 tí àwọn ọmọ ogun Soviet fi jà nígbà ogun Hitler gùn ju mítà mẹ́jọ lọ láti ìdí rẹ̀ dé ẹnu ìbọn rẹ̀, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 32. Èyí tó wà lórí tábìlì mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 23. Ike ni. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo fi sáńpépà ha á, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo sì kùn ún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni páálí kan wà tó kún fún agolo kéékèèké. Inú agolo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ká fíìmù àtijọ́ kan sí, irú èyí tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè ní díáfíìmù. Ohun tí mo fi ń gbafẹ́ nìyí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́: mo ń kọ́ ọkọ̀ ogun kéékèèké, mo sì ń túmọ̀ díáfíìmù láti èdè Rọ́ṣíà sí Yorùbá. Àwọn tó ń yà kí mi a máa rò pé iṣẹ́ méjì tí kò tan mọ́ra ni. Lójú tèmi, ọ̀kan ló ń tún èkejì ṣe, ọkàn mi kò sì lè balẹ̀ bí mo bá ń ṣe ọ̀kan láìṣe èkejì.

Ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Ìwọ̀n 1:35 ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ gidi ni wọ́n pín sọ́nà 35, tí wọ́n sì mú ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọkùnrin tó ga níwọ̀nba kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ. Ilé iṣẹ́ Tamiya, ní ìlú Shizuoka ní ilẹ̀ Jàpáànù, ló sọ ìwọ̀n yìí di àṣà káàkiri ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Táǹkì Panther ti Jámánì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣe é tóbi tó kí bátìrì àti mọ́tò kékeré lè gba inú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ojú, ó ń fẹ́ sùúrù. Irin yíyọ́ ni wọ́n dà láti fi ṣe ilé ìbọn tó wà lórí T-34, nítorí náà ara rẹ̀ kì í dán. Kí ike tó ń dán tó lè rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa gúlúù olómi sí i lára títí yóò fi rọ̀, n óò wá máa fi orí búrọ́ọ̀ṣì líle gún un jẹ́jẹ́ kí ó lè rí ṣákaṣàka. Ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba irin pẹlẹbẹ bíi 72. Èyí tó ní ìwo àti èyí tí kò ní ìwo ni wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá kùn ún tán, mo tún ń fi ìpẹtà sí i níbi tí òjò máa ń dúró sí, mo sì ń fi ẹrẹ̀ sí i níbi tí ẹrẹ̀ máa ń dé.

Ẹ́ńjìníà ni mí, ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ra. Irin iwájú T-34 nípọn ní mìlímítà 45 péré, ṣùgbọ́n wọ́n dà á sẹ́yìn débi pé ọta tó bá ń bọ̀ ní tààrà ní láti la ìwọ̀n mìlímítà 90 kọjá. Ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ó tètè rì sínú ẹrẹ̀ àti yìnyín. Mikhail Koshkin ló darí àwọn tó yà á, ní ilé iṣẹ́ kan ní Kharkov. Ní oṣù Kẹta 1940, nígbà tí yìnyín ṣì bo ilẹ̀, wọ́n wa méjì àkọ́kọ́ láti Kharkov dé Moscow, ìrìn tó ju kìlómítà 700 lọ, kí àwọn aláṣẹ lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Koshkin bá wọn lọ. Òtútù mú un lójú ọ̀nà, ó di àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ó sì kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an, ní ẹni ọdún 41. Kò rí ogun tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jà. Kó tó di pé wọ́n dáwọ́ dúró, T-34 tí wọ́n ṣe lóríṣiríṣi ti ju 80,000 lọ.

Mo mọ Kharkov dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní àwọn ọdún 1980, lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí ìjọba Soviet fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Èdè Rọ́ṣíà nìkan ni wọ́n fi ọdún àkọ́kọ́ kọ́ wa, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé díáfíìmù. Olùkọ́ wa, ìyá àgbàlagbà kan, yóò ta aṣọ fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn, yóò ki fíìmù sínú ẹ̀rọ kékeré oníná kan, àwòrán yóò sì hàn lára ògiri. Àwòrán náà kì í rìn. Àwa ni yóò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ìyá tó fi ọwọ́ yí i sí òmíràn. Ìtàn bàbá àgbà tó gbin èso abẹ́ ilẹ̀ kan wà lára èyí tí a kọ́kọ́ kà. Èso náà tóbi títí kò fi ṣeé fà tu mọ́. Ìyá àgbà wá di bàbá mú, ọmọ-ọmọ di ìyá àgbà mú, ajá dé, olóńgbò dé, èkúté ló kẹ́yìn tí gbogbo wọn fi rí i fà tu. Bí ẹnìkan bá ti kún wọn ni a ń ka gbogbo orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ti àlọ́ rí mọ ìdí tí èdè náà fi tètè wọ̀ mí létí.

Ní 1930 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ díáfíìmù sílẹ̀ ní Moscow. Fún bí ọgọ́ta ọdún, fíìmù yìí wà nílé ọ̀pọ̀ ọmọ Soviet. Aṣọ ìbùsùn funfun tàbí ògiri ni wọ́n ń tan iná rẹ̀ sí. Bàbá tàbí ìyá ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ tó ti tó kàwé náà ń gbà á kà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ayàwòrán tó mọṣẹ́ ló sì ń yà á. Lẹ́yìn tí Soviet Union túká ní 1991, iṣẹ́ náà kú. Fíìmù kì í sì í pẹ́ títí: àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá, àwọn kan ń rùn bí ọtí kíkan, òórùn yẹn sì ni àmì pé wọ́n ti ń jẹrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ya fọ́tò àwòrán kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná lẹ́yìn rẹ̀, tí mo sì ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà kí n tó túmọ̀ wọn.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Àyè ìsàlẹ̀ àwòrán kò gbà ju ìlà méjì tàbí mẹ́ta lọ, etí ló sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ojú nìkan ló máa kà á. Bí mo bá kọ gbólóhùn kan tán, mo máa ń kà á sókè. Bí èémí mi bá tán kí gbólóhùn tó tán, ó ti gùn jù. Àwọn tó jẹ́ ewì ló le jù. Korney Chukovsky kọ ìtàn Dókítà Aibolit ní 1929, ewì tó ń fò bí ọmọdé tó ń fo okùn. Ìparí ìlà rẹ̀ ló fi ń dún. Ewì Yorùbá kò gba ibẹ̀ dún. Àwítúnwí àti ohùn òkè lòdì sí ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé e, nítorí náà mo fi ìparí ìlà sílẹ̀, mo sì wá ìlù rẹ̀ síbòmíràn. Nínú ìtàn náà, erinmi tẹ wáyà sí dókítà pé àìsàn ti mú àwọn ẹranko Áfíríkà, dókítà sì la òtútù àti òkun kọjá títí ó fi dé Limpopo. Fernando Po wà lára ibi tí Chukovsky dárúkọ, erékùṣù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó. Áfíríkà tí ọmọ Soviet kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn: ibi tí ara àwọn ẹranko kò ti yá, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò ti òkèèrè wá wò wọ́n sàn. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Bí mo bá kà á fún àwọn ọmọ-ọmọ mi tán, mo ń sọ fún wọn pé àwọn oníṣègùn wà lẹ́bàá Limpopo kí dókítà yẹn tó dé.

Díáfíìmù ló yí ojú tí mo fi ń wo ọkọ̀ padà. Nínú àwọn ìtàn tí mo ń túmọ̀, kò sí àwòrán kan tí ẹnìkan kì í ṣe nǹkan nínú rẹ̀: ẹnìkan ń fà, ẹnìkan ń sunkún, ẹnìkan ń padà bọ̀ wálé. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán kò lè dúró láìsí olùṣe. Bí mo bá wá kọjú sí táǹkì mi, tí mo rí i bó ṣe dúró pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì, ìbéèrè tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé: ta ló wà nínú rẹ̀?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ nípa Mariya Oktyabrskaya. Jámánì pa ọkọ rẹ̀ ní 1941. Obìnrin yìí ta ohun tó ní, ó kó 50,000 rúbù jọ, ó sì kọ̀wé sí Stalin pé kí wọ́n fi owó náà ṣe táǹkì, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun fúnra òun wà á. Wọ́n gbà fún un. Wọ́n kọ ọ́ sára T-34 rẹ̀ pé òun ni ọ̀rẹ́bìnrin ojú ogun, ó kọ́ṣẹ́ awakọ̀ àti mẹkáníìkì, ó sì wọ ìjà ní oṣù Kẹwàá 1943. Ní oṣù Kìíní 1944, nítòsí Vitebsk, ọta já ṣéènì ẹsẹ̀ táǹkì náà. Ó bọ́ sílẹ̀ láti tún un ṣe, àfọ́kù ọta sì bà á lórí. Kò sọjí mọ́ títí ó fi kú ní 15 oṣù Kẹta. Láti ìgbà tí mo ti ka èyí, n kò tún lè to irin ẹsẹ̀ T-34 bí ẹni tó kàn ń to ike. Bó ti wù kí ṣéènì kéré tó, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti bọ́ sílẹ̀ lọ tún irú rẹ̀ ṣe, tí ọta sì ń fò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ lọ́rì GAZ-AA. Ford ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àdéhùn tí ìjọba Soviet bá Ford ṣe ní 1929 ló bí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Nizhny Novgorod. Ẹrù tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ ló ń gbé. Kò ní ìbọn, irin ara rẹ̀ kò nípọn, ẹni tó bá rí i láàárín àwọn táǹkì kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá 1941, lẹ́yìn tí Jámánì ti sé Leningrad mọ́, irú lọ́rì yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí yìnyín adágún Ladoga kó ìyẹ̀fun wọ ìlú. Láti 20 oṣù yẹn sí 25 oṣù Kejìlá, gíráàmù 125 ni burẹ́dì tí wọ́n ń fún ọmọdé àti ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lójúmọ́, kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: lọ́rì kan tó bá kún gbé ohun tó tó ìpín ènìyàn 12,000 fún ọjọ́ kan, ó kéré tán. Àwọn awakọ̀ a máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nínú òtútù yẹn, kí wọ́n lè bẹ́ jáde bí yìnyín bá là lábẹ́ wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn lọ́rì tèmi, tí mo sì fi pọ́tì mọ àpò ìyẹ̀fun sẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo ti kọ́, òun ni mo bọ̀wọ̀ fún jù.

Bí díáfíìmù ti ń bá ọkọ̀ wí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń bá díáfíìmù wí. Ìjọba ló ń ṣe àwọn fíìmù yẹn, ohun tí ìjọba kò fẹ́ kí ọmọdé mọ̀ kò sí nínú wọn. Kharkov tí mo kà nípa rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ìlú ẹ́ńjìníà àti ìlú akọni. Kò sẹ́ni tó fi àwòrán kankan hàn wá nípa ìyàn 1932 sí 1933, nígbà tí ìjọba gba ọkà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ukraine, tí ebi sì pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn, tó fi jẹ́ pé òkú àwọn ará oko ń sùn lójú títì Kharkov, tó jẹ́ olú ìlú Ukraine ìgbà náà. Títí di oṣù Kejìlá 1989 ni ìjọba Soviet ń sẹ́ ìwé àṣírí tó bá Hitler tọwọ́ bọ̀ ní 1939 láti pín àwọn ilẹ̀ mìíràn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ a máa wá ọjọ́, nọ́ńbà àti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló sì mú mi kan àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. N kò yọ ìyìn ìjọba kúrò nínú díáfíìmù tí mo ń túmọ̀, nítorí ẹ̀rí ìgbà tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn àwòrán tó kẹ́yìn, mo máa ń kọ ohun tí ó fi sílẹ̀, lábẹ́ orúkọ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ara fíìmù ni.

Ogun Hitler yẹn kan tiwa náà. Àwọn bàbá wa ń pè é ní ogun Bọ́mà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ló wà nínú Dífísọ̀nù 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n rán lọ sí àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Àwọn ọmọ ogun yìí fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíìpù tó tó máìlì 75 gba orí òkè. Níbi tí jíìpù bá sì ti parí ìrìn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Àmì dífísọ̀nù náà ni aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè: Ananse, aláǹtakùn inú ìtàn àwọn ará Gold Coast, tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ bíi ti Ìjàpá wa. Nígbà tí mo fẹ́ kun aláǹtakùn yẹn sára jíìpù kan tí mo kọ́, n kò rí búrọ́ọ̀ṣì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó, orí abẹ́rẹ́ ni mo fi yà á. Ìtàn tí ìyá ń sọ fún ọmọ lálẹ́ ni àwọn ọkùnrin yẹn gbé lọ sí ojú ogun, ara ọkọ̀ àti èjìká aṣọ wọn ni wọ́n sì fi í sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi méjèèjì ti pàdé.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì fi í sí. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù já lù wọ́n lẹ́bàá odò Kaladan, ọta fọ́ egungun itan rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n jọ ṣẹ́kù sẹ́yìn ojú ìjà. Ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman fi wọ́n pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń bọ́ wọn, ó mọ̀ pé bí àwọn ọmọ ogun Jàpáànù bá mọ̀, òun àti ẹbí òun ti kú. Fadoyebo padà délé, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀, ó sì gbé ayé títí di 2012. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni jíìpù mi dúró fún, ọkùnrin méjì tí kò lè rìn, àti ẹni tí kò kọ̀ wọ́n sílẹ̀, ni mo máa ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ní 24 oṣù Kejì 2022, ìjọba Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí Kharkiv, bí wọ́n ti ń pe Kharkov lónìí. Ìlú tí mo ti kọ́ èdè Rọ́ṣíà ni àwọn tó ń sọ Rọ́ṣíà ń wó. Kódà lọ́rì GAZ-AA tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Zvezda ní Lobnya nítòsí Moscow ń ṣe ike rẹ̀, ilé iṣẹ́ MiniArt ní Kyiv náà ń ṣe é. Ìrántí kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń tà, kí àwọn ìjọba tó ya wọ́n nípa. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé n kò ní kọ́ ọkọ̀ kankan tó ń jà nínú ogun tí kò tíì parí. Àwọn tó wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àti àwọn tó wà níwájú ẹnu ìbọn rẹ̀, ṣì ń kú lọ́wọ́; a kò tíì mọ orúkọ wọn, ìyá wọn kò tíì sunkún tán. N kò dá díáfíìmù dúró. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe é fún kò dá ogun sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa mọ̀ pé ilé wà ní Rọ́ṣíà àti ní Ukraine tí àwọn òbí ti ń pa iná kí wọ́n tó kàtàn fún ọmọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí láti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ohun kan ni mo máa ń ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó ṣí páálí: kí wọ́n lọ wá orúkọ ẹnìkan tó ya ọkọ̀ náà, tó wà á, tàbí tí ọkọ̀ náà pa, kí wọ́n mọ ìtàn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ pátákó tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ náà lé. Orúkọ Koshkin àti Oktyabrskaya wà lábẹ́ T-34 mi. Ti Fadoyebo, Kargbo àti Shuyiman wà lábẹ́ jíìpù. Àwọn kan ń sọ pé èyí ń mú kí iṣẹ́ náà pẹ́. Ó yẹ kó pẹ́. Bí a bá fi irin nìkan rántí ogun, ẹwà irin ni àwọn ọmọ wa yóò mọ̀, ẹni tó bá sì mọ ẹwà irin láìmọ ẹni tó jóná nínú rẹ̀ kò ní rí ìdí tí kò fi yẹ kí òun náà jagun.